Ilé Ta Ni Wọ́n Wò? Àgbéyẹ̀wò Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Celtic Lára Òpópónà Chicago

Òpópónà méjì kan pàdé ní àárín gbùngbùn ìlú Chicago. Ọ̀kan ń jẹ́ Wells Street, èkejì ń jẹ́ Ida B. Wells Drive. Ẹni tí kò mọ ìtàn á rò pé ẹbí kan náà ló ni méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. William Wells tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ti àkọ́kọ́ jẹ́ aláwọ̀ funfun. Àwọn Miami, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ náà, ló jí i gbé ní kékeré tí wọ́n sì tọ́ ọ bí ọmọ wọn. Ó kú sójú ìjà nítòsí Fort Dearborn ní oṣù kẹjọ ọdún 1812. Ida B. Wells ní tirẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Holly Springs, ìpínlẹ̀ Mississippi, ní 1862. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ tí ọ̀gá kan bí fún ẹrúbìnrin rẹ̀, orúkọ ọ̀gá náà sì ni ìdílé wọn ń jẹ́. Ìyá yìí di akọ̀ròyìn, ó fi kálámù dojú kọ àwọn tó ń so aláwọ̀ dúdú rọ̀ sórí igi láìsí ìdájọ́. Chicago ló gbé títí ó fi kú ní 1931. Ní 2018 ni ìgbìmọ̀ ìlú fi orúkọ rẹ̀ rọ́pò Congress Parkway. Ní òdìkejì òkun, ní Somerset ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú kékeré kan wà tó ti ń jẹ́ Wells láti ayébáyé nítorí ìsun omi tó ń sun níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kárí Chicago nìyẹn. Lincoln, Washington, Jackson, Douglas, Evans, O'Hare, Kildare, Bryn Mawr, Argyle, Devon: orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Celtic ló kún ara pátákó òpópónà, ibùdókọ̀, ọgbà ìgbafẹ́ àti ilé ìwé. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé níbẹ̀ ń fi wọ́n júwe ilé lójoojúmọ́. Yorùbá ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta wá ni wọ́n wò nígbà tí wọ́n ń sọ Chicago lórúkọ? Èrò tèmi ni pé orúkọ ibì kan kì í fi irú ẹ̀jẹ̀ tó gbé ibẹ̀ hàn wá. Ohun tó ń fi hàn ni ẹni tí àṣẹ ìsọlórúkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àṣẹ yìí sì ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn láti bí igba ọdún wá.

Ibi di ènìyàn, ènìyàn di ibi

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní ju orúkọ kan ṣoṣo lọ. Lẹ́yìn tí àwọn Norman gba ilẹ̀ náà ní 1066 ni orúkọ ìdílé tí ọmọ ń jogún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe é: Archer ni tafàtafà. Àwọn kan fi bàbá ṣe é: Jackson ni ọmọ Jack, Harrison ni ọmọ Harry. Àwọn tó pọ̀ gan-an fi ìlú tàbí abà tí wọ́n ti wá ṣe é, àwọn yìí ló sì fà á tí orúkọ ènìyàn àti orúkọ ibi fi ń jọra tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Washington. Ní ọ̀rúndún kejìlá, ọkùnrin kan gba ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Wessyngton ní agbègbè Durham, ó sì sọ orúkọ ilẹ̀ náà di tirẹ̀. Inú ìran rẹ̀ ni George Washington ti jáde. Láti ara George ni orúkọ náà ti tún padà di ti ibi: olú-ìlú Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kan ní ìwọ̀ oòrùn, àìmọye ìlú kéékèèké, àti Washington Street òun Washington Park ní Chicago.

Ti Lincoln tún jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí èdè Gẹ̀ẹ́sì tó dé erékùṣù náà rárá, àwọn Celtic tó ń gbé ibẹ̀ ti fi omi adágún tó wà níbẹ̀ pe ìlú wọn. Àwọn ará Róòmù fi tiwọn kún un, ó di Lindum Colonia, ẹnu àwọn tó dé lẹ́yìn wọn sì sọ ọ́ di Lincoln. Ní 1637, Samuel Lincoln kúrò ní Hingham ní Norfolk lọ sí Massachusetts, ìran rẹ̀ ló bí Abraham. Ìlú Lincoln ní ìpínlẹ̀ Illinois gba orúkọ Abraham ní 1853, nígbà tó ṣì jẹ́ agbẹjọ́rò tí ẹnikẹ́ni kò tíì rò pé yóò di ààrẹ. Chicago ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fà á kalẹ̀ fún ipò ààrẹ ní 1860. Lẹ́yìn tí wọ́n pa á ní 1865, ìlú náà yí orúkọ Lake Park padà sí Lincoln Park. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Celtic fi pe omi kan ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn ṣe dé etí Adágún Michigan.

Ní Ireland, Scotland àti Wales tí àwọn Celtic ṣẹ́kù sí, ìran ló sábà máa ń ṣíwájú nínú orúkọ. Mac ni ọmọ, Ó ni ọmọ-ọmọ. McCormick, orúkọ ilé ìpàtẹ ńlá tó wà létí adágún náà, ni ọmọ Cormac. Evans ni ti Evan, Evan sì ni John lẹ́nu àwọn ará Wales. Síbẹ̀, àwọn náà ní èyí tí ilẹ̀ bí: Douglas ni omi dúdú, orúkọ odò àti ìlú ní Scotland kí ó tó di orúkọ ìdílé jagunjagun kan tó lágbára.

Ọwọ́ àwọn awọnlẹ̀

Ilẹ̀ Chicago ti lórúkọ kí gbogbo ìwọ̀nyí tó dé. Chicago fúnra rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Miami àti Illinois fi ń pe irú àlùbọ́sà ìgbẹ́ kan tó ń hù létí odò náà. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ náà ni Michigan, Wabash, Skokie àti Waukegan ti wá pẹ̀lú. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Chicago ní 1833 ló lé àwọn Potawatomi àti àwọn alájọgbé wọn kúrò lórí ilẹ̀ yìí, wọ́n sì kó wọn kọjá odò Mississippi. Wọ́n lé àwọn tó ni orúkọ, wọ́n fi orúkọ sílẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ ti òde wá kọ́lé tó sì fìdí kalẹ̀ sí ẹnu odò náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Jean Baptiste Point du Sable ni orúkọ rẹ̀, oníṣòwò ni, ó sì ti wà níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1780. Ó ta ilé àti oko rẹ̀ ní 1800, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bọ́ sọ́wọ́ John Kinzie. Quebec ni wọ́n bí Kinzie sí, McKenzie ni orúkọ bàbá rẹ̀, ìyẹn ọmọ Kenneth láti Scotland. Nígbà tí awọnlẹ̀ James Thompson ya àwòrán ìlú náà ní oṣù kẹjọ ọdún 1830, Kinzie, Jefferson, Washington àti Dearborn wà lára àwọn òpópónà tó fi sí i. Kò sí du Sable níbẹ̀. Ó di 1936 kí ilé ìwé girama kan tó gba orúkọ rẹ̀, ó sì di 2021 kí ìgbìmọ̀ ìlú tó fi orúkọ rẹ̀ ṣíwájú Lake Shore Drive, òpópónà tó lókìkí jù ní gbogbo ìlú náà.

Àwọn olówó náà rí tiwọn gbà. Halsted Street, ọ̀kan nínú àwọn òpópónà tó gùn jù ní Chicago, ń jẹ́ orúkọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tó jẹ́ oníbáńkì ní Philadelphia, tí owó wọn wà lórí ilẹ̀ Chicago. Orúkọ wọn bá ti ìlú Halstead ní Essex mu. Ní 1836, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí odò àfọwọ́gbẹ́ tó so adágún náà mọ́ odò Illinois, ó sì parí ní 1848. Àwọn ará Ireland ló pọ̀ jù nínú àwọn tó fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ, Bridgeport ni wọ́n sì ń gbé. Ṣùgbọ́n Archer Avenue tó gba àdúgbò wọn kọjá, William Archer tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kọmíṣọ́nà iṣẹ́ náà ló ni orúkọ. Alákòóso di òpópónà, agbẹ́lẹ̀ kò dì í.

Ọwọ́ àwọn oníṣòwò ilẹ̀

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line lọ sí ìhà àríwá, níbi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí ní Uptown, Edgewater àti Rogers Park, á gbọ́ Argyle, Berwyn àti Bryn Mawr tẹ̀ léra. Àgbọ́sọ lásán lè mú kó rò pé àwọn ará Wales ti kún ibẹ̀ rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1885, John Lewis Cochran, ọmọ Philadelphia, ra ilẹ̀ níbẹ̀, ó pè é ní Edgewater, ó sì fi orúkọ àwọn ibùdókọ̀ ojú irin tó wà nítòsí ìlú rẹ̀ sọ àwọn òpópónà rẹ̀: Bryn Mawr, Berwyn, Ardmore, Rosemont, Devon. Bryn Mawr ti Philadelphia gan-an, oko Rowland Ellis ló ti rí orúkọ, ọmọ ìjọ Quaker tó ti Wales wá ní 1686. Òkè ńlá ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Wales. Ilẹ̀ tó wà ní Bryn Mawr Avenue tẹ́ pẹrẹsẹ bí gbogbo ilẹ̀ Chicago yòókù. Ilé ara rẹ̀ ni Cochran wò, kò wo ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀.

Argyle bá ìyẹn mu. Oníṣòwò ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Campbell ló fi Argyll ní Scotland pè é, ibi tí àwọn Campbell ti jẹ́ ìdílé olóyè. Lónìí, àwọn ará Vietnam àti Ṣáínà ló ni ṣọ́ọ̀bù jù níbẹ̀. Devon ń jẹ́ orúkọ tó ti ọ̀dọ̀ ẹ̀yà Celtic kan, àwọn Dumnonii, sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ sárì àti oúnjẹ Íńdíà òun Pakistan ló kún ọjà rẹ̀. Ìlú ti gbà kí wọ́n gbé pátákó aláwọ̀ ilẹ̀ sí i láti bọlá fún Gandhi ní apá kan àti Jinnah ní apá mìíràn. Àwọn àlejò kò lé Devon lọ. Wọ́n fi tiwọn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Irú ìtàn yìí pọ̀ ní gúúsù ìlú àti lẹ́yìn odi. John Kennicott sọ ilé tó kọ́ ní 1856 ní Kenwood láti rántí orírun ìdílé rẹ̀ ní Scotland, àdúgbò sì gbà á. Paul Cornell ra ilẹ̀ ní 1853, ó fi orúkọ Hyde Park tí àwọn ọlọ́lá mọ̀ ní London pè é kí àwọn olówó lè wá ra ilẹ̀. James Gifford fi Elgin pe ìlú tó dá sílẹ̀ ní 1835 nítorí ohùn orin ìsìn kan láti Scotland tí ó fẹ́ràn. Ní Dundee, ìbò ni wọ́n dì ní 1837. Ó mú Alexander Gardiner, ọmọ Scotland, ó sì fi ìlú rẹ̀ pè é.

Nígbà tí Chicago gbé àwọn ìlú àyíká mì ní 1889, orúkọ kan náà wá wà lára òpópónà púpọ̀. Lẹ́tà ń ṣìnà, ọlọ́jà ń wá ilé oníbàárà tì. Edward Brennan, tó ti bá bàbá rẹ̀ gbé ọjà kiri ilé rí, ló fara jìn fún àtúnṣe rẹ̀. Ìlànà nọ́ńbà ilé tó dábàá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1909, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ tó jọra rẹ́. Wọ́n tún ṣètò kí àwọn òpópónà tó wà ní máìlì kọkànlá sí ààlà Indiana máa fi lẹ́tà K bẹ̀rẹ̀, torí K ni lẹ́tà kọkànlá nínú ábídí Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni Kildare, ṣọ́ọ̀ṣì abẹ́ igi óákù ní Ireland, ṣe dé apá ìwọ̀ oòrùn Chicago. North Lawndale, níbi tí wọ́n ti ń pe agbègbè yìí ní K-Town, ti di ilé àwọn aláwọ̀ dúdú láti àwọn ọdún 1960.

Ọwọ́ àwọn ará Ireland

Àwọn agbẹ́lẹ̀ ọjọ́ kìíní bí ọmọ, àwọn ọmọ wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ panápaná àti òṣèlú. Nígbà tó fi di 1933, Edward Kelly ni méyọ̀. Richard J. Daley jọba lórí ìlú náà láti 1955 títí ó fi kú ní 1976, orúkọ rẹ̀ sì wà ní gbàgede tó wà níwájú ilé ẹjọ́ ìlú. Jane Byrne di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ méyọ̀ níbẹ̀ ní 1979, oríta ńlá tí àwọn òpópónà márosẹ̀ ti pàdé sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Edward O'Hare, awakọ̀ òfurufú ọmọ ogun orí omi, gba àmì ẹ̀yẹ tó ga jù ní 1942, ó sì kú sójú ogun ní 1943. Ní 1949 ni pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n ń pè ní Orchard Field di O'Hare. Lẹ́tà ORD tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì títí dòní jẹ́ ti orúkọ àtijọ́ náà. Láàárín Archer Avenue àti O'Hare, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ireland kò yí padà. Ìbò tí wọ́n ń dì àti ipò tí wọ́n dé ló yí padà.

Orúkọ tí wọ́n fi lé ẹrú lórí

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá jù. Nínú ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti ọdún 2000, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń jẹ́ Washington, nǹkan bí 90 ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Orúkọ abà kan ní Durham ti di orúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí Harold Washington di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ méyọ̀ Chicago ní 1983, kò sí ẹni tó rò ó mọ́ Durham. Ilé ìkàwé ńlá tí wọ́n ṣí ní 1991, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀, ti jẹ́ kí Washington ní ìtumọ̀ mìíràn fún gbogbo ọmọ Chicago.

Frederick Bailey sá kúrò lóko ẹrú ní 1838. Ọ̀rẹ́ kan ní New Bedford tó ń ka ewì Walter Scott ló bá a yan Douglas nínú ìwé náà, òun sì kọ ọ́ pẹ̀lú s méjì, ó di Frederick Douglass. Ní 1893, ó dúró fún orílẹ̀-èdè Haiti níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Chicago, níbi tí òun àti Ida B. Wells ti pín ìwé tó bi Amẹ́ríkà léèrè ìdí tí wọ́n fi yọ aláwọ̀ dúdú sílẹ̀. Ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan sì wà ní North Lawndale láti 1869 tó ń jẹ́ Douglas Park, orúkọ Stephen Douglas, sẹ́nétọ̀ tó jàǹfààní láti inú oko ẹrú ìyàwó rẹ̀ ní Mississippi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Village Leadership Academy fi ọdún púpọ̀ bẹ àwọn aláṣẹ, wọ́n kó ìbuwọ́lù jọ, wọ́n lọ sí ìpàdé. Ní 2020, ọgbà náà di Douglass Park, ti Frederick àti ìyàwó rẹ̀, Anna Murray Douglass.

Àwọn mìíràn kò fẹ́ jẹ́ orúkọ ọ̀gá rárá. Nínú ẹgbẹ́ Nation of Islam, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Chicago, X ni wọ́n fi ń dípò rẹ̀. Malcolm X jù Little nù, ó sì pa Malcolm mọ́. Orúkọ Gaelic tí ọba mẹ́rin ti jẹ ní Scotland ni Malcolm, ṣùgbọ́n ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ ní Malcolm X College, tó ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti 1969, bóyá ó mọ ọba kankan tó ń jẹ́ ẹ.

Àwa náà kò yọ sílẹ̀. Àwọn Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú lórí omi, Freetown ni wọ́n kó wọn lọ, sí abúlé tó ń jẹ́ Hastings, Waterloo, York àti Kent. Àjàyí ọmọ Òṣogùn gba Samuel Crowther ní ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀ ní 1825, orúkọ àlùfáà kan ní London. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ Thomas Babington Macaulay, bákan náà ni òpìtàn Gẹ̀ẹ́sì kan ń jẹ́, tí bàbá rẹ̀ Zachary jẹ́ ọmọ Argyll. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ Scotland kan náà tó fún Chicago ní Argyle ló fún Èkó ní Macaulay. Herbert Macaulay sì fi orúkọ náà bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọ̀jà títí ó fi kú ní 1946. Àwọn mìíràn ṣe bí Malcolm: W. J. Davies di Orishatukeh Faduma ní 1887, David Brown Vincent di Mojọlá Àgbébí ní 1894.

Kí ló yẹ kí a ṣe?

Èrò àwọn ènìyàn pín sí méjì. Àwọn kan ní kí a fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n ní ẹni tó bá pa á rẹ́ pa ìtàn rẹ́. Àwọn kan ní kí a gbá gbogbo orúkọ amúnisìn àti olówò ẹrú kúrò. N kò gba ti ẹnikẹ́ni nínú wọn ní odindi. Evanston, ìlú tó wà ní àríwá Chicago, ń jẹ́ orúkọ John Evans, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Northwestern University sílẹ̀ ní 1851. Òun náà ni gómìnà Colorado nígbà tí wọ́n pa àwọn Cheyenne àti Arapaho nípakúpa ní Sand Creek ní 1864. Ní 2023, òkè tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Colorado di Mount Blue Sky, nítorí ìpínlẹ̀ yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn. Evanston ṣì ń jẹ́ Evanston, ó sì ti di ìlú tó kọ́kọ́ ya owó ìlú sọ́tọ̀ láti san gbèsè ìyà tó fi jẹ aláwọ̀ dúdú nípa ilé gbígbé. Ìbéèrè tó tọ́ níbi kọ̀ọ̀kan ni pé: kí ni ẹni tó ni orúkọ ṣe fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀, kí sì ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fẹ́?

Orúkọ tiwa náà lè rìn. Ìdílé ìyá Barack Obama ní ìran tó ti Moneygall ní Ireland wá, Obama sì ṣe ìbẹ̀wò síbẹ̀ ní 2011. Láti 2014, ibùdó ìsinmi kan létí òpópónà ibẹ̀ ń jẹ́ Barack Obama Plaza. Orúkọ Luo láti Kenya, tó gba Chicago kọjá, ti di orúkọ ibi lórí ilẹ̀ àwọn Celtic. Ọ̀yọ́túnjí sì wà ní South Carolina láti 1970, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walter King kó tó di Ọba Adéfúnmi ló dá a sílẹ̀.

Nítorí náà, mo ń sọ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Chicago: ẹ má fi orúkọ Macaulay, Williams tàbí Davies sọ ẹnikẹ́ni di àjèjì, ẹ má sì rò pé pátákó òpópónà ti parí ọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ni ìlú. Ọ̀dọ̀ kánsẹ́lọ̀ àdúgbò ni ìwé pátákó ọlá ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ jókòó nínú ẹgbẹ́ àti nínú ìjọ, kí ẹ yan àwọn tí wọ́n ti sin àdúgbò yín, kí ẹ kọ ìtàn wọn sílẹ̀, kí ẹ kó ìbuwọ́lù jọ, kí ẹ sì dìbò. Àwọn ará Ireland ṣe é, àwọn ará Íńdíà ṣe é, àwọn ọmọ ilé ìwé tí kò tíì tó ìbò dì náà ṣe é.